Òfin Ààbò àti Owó Níbi Ìdíje Ọkọ̀ Ojú Omi: Ohun Tí Ẹ Lè Dín àti Ohun Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ìbéèrè kan náà ló ń wá ṣáá látọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ díje lójú omi Ìgbòkòdá àti agbègbè rẹ̀, ìbáà jẹ́ àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó ti mọ omi láti kékeré, ìbáà jẹ́ àwọn tó ń fi tírélà gbé ọkọ̀ bọ̀ láti Àkúrẹ́, gba Oǹdó, Orè àti Òkìtìpupa kọjá. Wọ́n á ní: "Òfin ààbò pọ̀, owó ò sí. Èwo la lè yọ kúrò?" Ohun tí a máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi òfin sílẹ̀, kí wọ́n yọ díẹ̀ lára eré tí ọkọ̀ ń sá. Òfin tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ló ń gba ẹ̀mí là jù: irú ẹ́ńjìn tí ẹ fàyè gbà, iye ọkọ̀ tó ń wà lórí omi lẹ́ẹ̀kan, àti ohun tó máa mú kí ẹ dá ìdíje dúró. Bí ẹ bá to mẹ́ta yìí dáadáa, nǹkan tó kù láti fowó rà ò ní pọ̀.

Ọkọ̀ fáíbà tàbí ọkọ̀ pákó tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ là ń sọ níbí, èyí tó ń lo ẹ́ńjìn ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ kò ju 40 HP lọ.

Ẹ fi òfin dín eré kù kí ẹ tó ná owó

Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi máa kọlu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń sá 40. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ Formula 1 orí omi, lábẹ́ UIM tó jẹ́ àjọ àgbáyé fún ìdíje yìí, fi ní àpótí líle tí awakọ̀ ń jókòó sínú rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń dojú awakọ̀ dé nínú omi fún ìdánwò kí wọ́n tó gbà á láyè. Ẹgbẹ́ kékeré ò lè ra irú àpótí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ sá fún eré tó ń béèrè fún un.

1. Ẹ mú ẹ́ńjìn kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Yamaha 40 HP two-stroke (irú ẹ́ńjìn tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ lágbègbè wa, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò ṣòroó rí, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi 15 HP ṣe é. Epo tó ń mu kéré, ẹni tó bá sì ṣàṣìṣe á rí àyè tún un ṣe.
2. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi ọ̀dà èékánná aláwọ̀ kan kun orí àwọn bóòtù rẹ̀. Ẹni tó bá tú u, ọ̀dà á ya, ẹ óò sì rí i.
3. Pùròpẹ́là kan náà ni kí gbogbo ọkọ̀ lò. Nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò, torí wọ́n á máa ra oríṣi mẹ́ta, mẹ́rin láti wá èyí tó sáré jù.
4. Ẹ wọn ọkọ̀, ẹ́ńjìn àti awakọ̀ pa pọ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín lélẹ̀. Láìsí òfin yìí, ohun àkọ́kọ́ tí awakọ̀ máa yọ torí kí ọkọ̀ lè fúyẹ́ ni kẹ́ẹ̀gì tó ń mú ọkọ̀ léfòó.
5. Ẹ fi òté lé eré. Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan de fóònù tó ní GPS sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, kó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tó bá kọjá kìlómítà 50 ní wákàtí kan nígbàkigbà, ìyí náà ò kà fún un. Kò sẹ́ni tó máa fowó wá eré tí wọn ò ní kà.

Òfin mìíràn wà tí àwọn eléré mọ́tò máa ń lò: ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùdíje lè ra ẹ́ńjìn ẹni tó gbégbá orókè ní iye kan tí gbogbo yín ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ó ń ṣiṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa ná owó ńlá lórí ẹ́ńjìn tí wọ́n lè fi owó kékeré gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí i ṣáájú, ìjà lẹ ń dá sílẹ̀ o.

Ọkọ̀ mélòó ló máa wà lórí omi lẹ́ẹ̀kan?

- *Ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi aago ka àkókò.* Èyí ló dínwó jù, ewu rẹ̀ ló sì kéré jù. A gba ẹgbẹ́ tuntun níyànjú pé èyí nìkan ni kí wọ́n ṣe fún ọdún àkọ́kọ́.
- *Méjì méjì.* Kí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ọ̀hún, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ìhín. Àwọn òǹwòran máa ń gbádùn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ọkọ̀ ò sì ní pàdé.
- *Mẹ́rin sí mẹ́fà pa pọ̀.* Èyí ni gbogbo ayé fẹ́ rí. Òun náà ló ń béèrè fún ohun èlò tó pọ̀ jù.

Bí ẹ bá máa kó wọn jáde pa pọ̀, ibi tí ẹ máa ṣọ́ jù ni ìyípo àkọ́kọ́. Gbogbo wọn á débẹ̀ ní ìṣùpọ̀, ìgbì ọkọ̀ iwájú á ti da omi rú, imú ọkọ̀ kan á gún omi, ìdí rẹ̀ á yí lójijì, awakọ̀ á já sínú omi níwájú pùròpẹ́là àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó tó mítà 300, ó kéré tán, láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé ìyípo náà kí àwọn ọkọ̀ lè ti tú ká. Kí kálukú dúró sí ojú ọ̀nà tirẹ̀ títí yóò fi yípo tán. Ẹni tó fẹ́ kọjá ló gbọ́dọ̀ yẹra fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀. "Kò fún mi láyè" kì í ṣe àwíjàre.

Ohun mẹ́rin tí ẹ kò gbọdọ̀ dín owó rẹ̀

*Okùn tó ń pa ẹ́ńjìn.* Okùn pupa tó wé bí orí skrúù, tí ẹnu rẹ̀ kan so mọ́ ẹ́ńjìn, tí èkejì so mọ́ awakọ̀. Bí awakọ̀ bá já bọ́, okùn á yọ, ẹ́ńjìn á kú. Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa rà, kò sí èyí tó dínwó tó o tó sì wúlò tó o. Bí kò bá sí, ọkọ̀ tí awakọ̀ ti já bọ́ nínú rẹ̀ á máa yí po lórí omi, á sì padà wá bá ẹni náà.

- Kí wọ́n so ó mọ́ itan, tàbí mọ́ bẹ́líìtì jákẹ́ẹ̀tì níbi tó le. Ọrùn ọwọ́ kò dára tó, torí ó lè yọ.
- Kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti ẹ́ńjìn yẹn gan-an. Èyí tí wọ́n fi wáyà tàbí rọ́bà ṣe fúnra wọn kì í yọ nígbà tó yẹ kó yọ.
- Oòrùn ń jẹ ike ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ti ń funfun tàbí tó ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
- Kí ẹ́ńjìn máa ṣiṣẹ́, kí alámòójútó fà á yọ lójú ara rẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ síbi ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ́ńjìn ò bá kú lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ náà ò lọ.

*Jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó.* Fóòmù ni kí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀ fún ìdíje. Omi tó ń ta sí i lè mú un fẹ́ nígbà tí awakọ̀ ń wakọ̀ lọ́wọ́, ó sì lè bẹ́ nígbà tí ara bá gbá omi. Èyí tí wọ́n kọ 50N sí (N ni ìwọ̀n agbára tó fi ń gbé ènìyàn léfòó) wà fún ẹni tó mọ̀wẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì là. 100N sókè ni wọ́n ṣe láti dojú ẹni tó dákú sókè, nítorí náà òun ni kí ẹ rà bí agbára bá ká a. Kí ó ní okùn tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fò gba orí awakọ̀ jáde.

Jákẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ àti ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ so irin kílò 5.5 mọ́ èyí tó jẹ́ 50N, tàbí kílò 11 mọ́ èyí tó jẹ́ 100N, kí ẹ jù ú sómi ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ padà wá wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Bó bá rì, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta ṣe é. Omi máa ń gbé wọn púpọ̀ ju bó ṣe ń gbé irin lọ, ìdánwò náà á sì tàn yín jẹ.

*Akoto.* Akoto ọ̀kadà lè ṣe é lórí eré tí a sọ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tó bo àgbọ̀n máa ń bu omi bí igbá nígbà tí awakọ̀ bá já bọ́, omi náà á sì fa ọrùn rẹ̀. Èyí tí iwájú rẹ̀ ṣí ni kí ẹ lò, kí ẹ yọ gíláàsì iwájú rẹ̀. Ẹ tẹ inú rẹ̀ wò: fóòmù líle funfun inú rẹ̀ yẹ kó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, gbogbo rẹ̀ yẹ kó tó kílò kan ààbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ bí ìdajì kílò, fìlà lásán ni. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, torí orí ni agbẹ̀mílà máa kọ́kọ́ rí lójú omi wa tó dúdú. Akoto tó bá ti gbá nǹkan líle lẹ́ẹ̀kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

*Ohun tó ń mú ọkọ̀ léfòó.* Ọkọ̀ fáíbà tó bá kún fún omi á rì, ẹ́ńjìn ni yóò sì fà á lọ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, ń gbé bíi kílò 24. Fún ọkọ̀ fáíbà tó wọn kílò 150 pẹ̀lú ẹ́ńjìn 40, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tó: mẹ́rin lápá ẹ̀yìn, méjì níwájú. Ẹ dè wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lápá òkè. Bí wọ́n bá wà nísàlẹ̀ ní àárín, ọkọ̀ á léfòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa dojú dé. Okùn tó ń fà bíi rọ́bà kò dára fún ìdè yìí.

Bẹ́líìtì ìjókòó: ẹ ṣọ́ra

Ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn máa ń rò pé bẹ́líìtì mọ́tò máa fi kún ààbò. Nínú ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ṣí, bẹ́líìtì ló máa so awakọ̀ mọ́ abẹ́ omi nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Àwọn tó ń lo bẹ́líìtì ní àpótí líle, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde. Tiyín ni kí awakọ̀ lè já bọ́ kúrò lára ọkọ̀, kí okùn pa ẹ́ńjìn, kí jákẹ́ẹ̀tì gbé e. Kò sí ọ̀nà àárín láàárín méjèèjì.

Bí ẹ ṣe máa la ojú ọ̀nà sórí omi

1. Ẹ wá ẹsẹ̀ odò tó jìn tó mítà 2 ó kéré tán, tí kì í ṣe ojú ọ̀nà àwọn èrò tó ń lọ Ayétòrò tàbí Ugbónlá. Ẹ má mú ọjọ́ ọjà Ìgbòkòdá. Ojú òkun kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.
2. Ẹ lọ bá àwọn apẹja tó ní àwọ̀n àti igi ẹja níbẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn fi hàn yín. Ohun tí ẹ máa fún wọn kéré sí iye àwọ̀n tí ẹ máa fà ya.
3. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ẹ kùn ní àwọ̀ ọsàn ṣe àmì. Ẹ má lo dírọ́ọ̀mù irin láéláé.
4. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20 tí ẹ da kọnkéré kún, tó wọn bíi kílò 45, ni ẹ óò fi dá àmì dúró. Okùn ọ̀rá tó ń léfòó á wé mọ́ pùròpẹ́là. Okùn náílọ́ọ̀nù tó ń rì ni kí ẹ lò, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ jíjìn omi.
5. Ọ̀nà títọ́ mítà 300 sí 400, ìyípo sí òsì. Kí ìyípo gbòòrò: àmì mẹ́ta ní orí kọ̀ọ̀kan dára ju ẹyọ kan lọ, torí àmì ẹyọ kan ń mú kí gbogbo ọkọ̀ há síbi kan.
6. Kí òǹwòran wà ní mítà 50 sí ojú ọ̀nà ó kéré tán. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró sí ìta ìyípo, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó bá sọnù máa ń forí lé.

Láàárín oṣù Kọkànlá sí Kejì ni omi máa ń rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè bo ojú omi ní àárọ̀. Bí ẹni tó di àsíá mú ò bá rí àmì tó jìnnà jù, ẹ dúró. Ẹ gbìyànjú kí ẹ parí kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dé.

Ọkọ̀ agbẹ̀mílà

Méjì ni, ọ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ní apá inú. Ẹ́ńjìn wọn kò gbọdọ̀ kú níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ìdíje bá wà lórí omi, àyàfi bí wọ́n bá ti sún mọ́ ẹni tó wà nínú omi. Ènìyàn méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: awakọ̀, àti òmùwẹ̀ tó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀bẹ, okùn jíjù mítà 15 sí 20, agolo apaná kílò 2, àti pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lè tẹ́ ẹni tó fara pa sí.

Àbùjá tó dára wà níbí. Dípò ọkọ̀ kẹta àti ìkẹrin, ẹ ṣe òfin pé bí agbẹ̀mílà kan bá ti gbéra, àsíá pupa gòkè, gbogbo ọkọ̀ ìdíje dúró síbi tí wọ́n wà. Òfin yẹn nìkan ń gbà yín lọ́wọ́ owó epo àti owó ọkọ̀ méjì. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ èrò tó mọ omi ibẹ̀ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ san owó ọjọ́ wọn, ẹ bu epo fún wọn. Èyí tó máa ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n tún fi ọkọ̀ náà gbé ayàwòrán tàbí àlejò pàtàkì.

Kí agbẹ̀mílà má fi eré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú omi. Kí ó pa ẹ́ńjìn ní bíi mítà 5, kí ó ju okùn. Bí ẹni náà ò bá mira, kí wọ́n di orí àti ọrùn rẹ̀ mú ní títọ́ kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n má fi apá fà á. Bí kò bá mí, èémí ni nǹkan àkọ́kọ́: ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà títẹ àyà 30, èémí 2, láìdáwọ́ dúró. Red Cross àti FRSC wà ní Àkúrẹ́ tí ẹ lè bẹ̀ láti kọ́ àwọn ènìyàn yín. Kí mọ́tò kan wà ní èbúté tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, kí awakọ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba Ìgbòkòdá àti ti Òkìtìpupa.

Epo àti iná

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, epo ló ń gbé owó ẹgbẹ́ lọ jù. Ẹ́ńjìn 40 two-stroke tó ń sáré tagbáratagbára ń mu bíi lítà 17 sí 21 ní wákàtí kan. Ìdíje ìṣẹ́jú 10 nígbà mẹ́ta pẹ̀lú ìdánrawò ò ní ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ. Ìdíje kúkúrú dára fún àpò, ó sì dára fún awakọ̀ tó ti rẹ̀.

- Bí ìwé ẹ́ńjìn bá sọ 50:1, mìlílítà 500 ọ́ìlì two-stroke ni fún lítà 25 epo. Ẹni tó bá dín ọ́ìlì kù torí owó máa ra písítìnì. Èyí tó burú jù ni pé ẹ́ńjìn á há lójijì níwájú ẹni tó ń bọ̀.
- Ẹ bu epo sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á dálẹ̀ sísàlẹ̀.
- Ilẹ̀ ni kí ẹ ti rọ epo. Ẹ gbé táńkì kúrò nínú ọkọ̀; èéfín epo tó bá rì sísàlẹ̀ ọkọ̀ ń dúró de iná ni.
- Agolo apaná kò pọn dandan nínú ọkọ̀ ìdíje, torí awakọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sómi ni. Ibi tí ẹ ti ń rọ epo àti ọkọ̀ agbẹ̀mílà ni kí ẹ kó wọn sí.

Ìwé àti ìyọ̀ǹda

Ẹ kọ̀wé sí NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà orí omi, ní Ìgbòkòdá, sí ọlọ́pàá ojú omi, àti sí àwọn ológun ojú omi tó wà níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo púpọ̀ nínú ọkọ̀ lè mú kí wọ́n dá yín dúró, nítorí náà ẹ mú ìwé yín àti rìsíìtì epo dání. Ẹ rí baálẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje: ohun tí alámòójútó máa yẹ̀ wò

Ẹni tó ń díje kò gbọdọ̀ jẹ́ alámòójútó.

- Pákó ìdí ọkọ̀: ẹ fi irin kékeré kàn án; bó bá ń dún bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀, ó ti jẹrà.
- Ẹ́ńjìn: bóòtù tó gba pákó kọjá ló gbọ́dọ̀ dì í mú, pẹ̀lú ṣéènì. Skrúù ọwọ́ nìkan kò tó.
- Okùn tó ń pa ẹ́ńjìn: ẹ fà á yọ.
- Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, jákẹ́ẹ̀tì, akoto, ọ̀dà orí bóòtù.
- Awakọ̀: ó ti pé ọdún 18, ó sì ti wẹ mítà 50 pẹ̀lú aṣọ àti jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Kí òórùn ògógóró má sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àti agbẹ̀mílà pẹ̀lú. A mọ ibi tí a wà. Ẹ kó ìgò pamọ́ títí wọ́n á fi pín ẹ̀bùn tán.
- Àsíá: pupa, gbogbo yín dúró; òfééfèé (yẹ́lò), ẹ rọra, ẹ má kọjá lára ẹnikẹ́ni; dúdú, ọkọ̀ kan jáde; olójú dúdú àti funfun, ó parí. Télọ̀ lè rán gbogbo wọn.

Bí owó ò bá tó, bí ẹ ṣe máa tò ó rèé

1. Okùn tó ń pa ẹ́ńjìn, ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti méjì ní ìpamọ́.
2. Epo àti owó iṣẹ́ àwọn agbẹ̀mílà.
3. Jákẹ́ẹ̀tì. Kí ẹgbẹ́ ra tirẹ̀, kí awakọ̀ máa gbà á lò. Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ń díje, mẹ́ta péré tó fún awakọ̀ mẹ́fà: ọ̀kan lórí omi, ọ̀kan fún ẹni tó kàn, ọ̀kan ní ìpamọ́. Jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà wà lọ́tọ̀.
4. Akoto, ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta.
5. Kẹ́ẹ̀gì, okùn àti kọnkéré.
6. Agolo apaná.

Aṣọ ẹgbẹ́, ife ẹ̀yẹ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ yín kí ẹ lè kọ orúkọ rẹ̀ sára nǹkan, ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì àti akoto lọ̀ ọ́. Orúkọ rẹ̀ á hàn níbẹ̀ ju ara bánà lọ, owó tí ẹ bá sì rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kó sórí epo agbẹ̀mílà.